Bí ẹ ṣe máa to ọkọ̀ omi rìmóòtù tó ń sáré, tó sì máa pẹ́ lórí ọ̀sà Èkó

Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ omi rìmóòtù mẹ́ta kalẹ̀ tí motor wọn jẹ́ ọ̀kan náà, èyí tí ṣáàfùtì ẹ̀ tọ́, tí omi ń tu ESC ẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti bátìrì lọ sí motor) lára dáadáa, tí inú ẹ̀ sì gbẹ, òun ló máa ṣáájú, òun náà ló máa padà dé èbúté láìjóná. Mo tètè ń sọ ọ́ torí ohun táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè ni "motor wo ló lágbára jù", wọ́n á kó gbogbo owó lé motor àti bátìrì, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù oníṣẹ́jú mẹ́rin lẹ ibi tí motor jókòó sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí ẹ ṣe máa to ọkọ̀ kan láti ara fáíbà òfìfo títí tó fi máa kan omi, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé omi tiwa, ọ̀sà Èkó, kì í ṣe omi adágún tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú fídíò àwọn òyìnbó: iyọ̀ wà nínú ẹ̀, ó gbóná, náílọ́ọ̀nù àti ewé wà lójú ẹ̀, ìgbì ọkọ̀ èrò sì lè dé nígbàkígbà. Ọkọ̀ tí wọ́n tò fún omi adágún, tó bá dé Bàrígà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú ẹ̀ máa rí.

Ara ọkọ̀

Mono wà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣe V, catamaran wà tó ní ẹsẹ̀ méjì, hydroplane wà tí díẹ̀ nínú ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló ń kan omi tó bá ń sáré, outrigger náà wà tó na apá sọ́tùn-ún sósì. Outrigger ló yá jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló fẹ́. Catamaran náà ò fẹ́ wàhálà, tí atẹ́gùn bá fi wọ abẹ́ ẹ̀ níbi tí omi ti ń rú, á dojú dé ni. Fún ọ̀sà wa, mono tí V ẹ̀ jìn dáadáa, tó gùn tó 70 sí 90 sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n fi fáíbà ṣe, òun ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ carbon lẹ rí rà, ẹ rántí pé carbon máa ń dí sígínà rìmóòtù, áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ yọ síta.

Kẹ́ ẹ tó lẹ nǹkan kan mọ́ inú ẹ̀, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, kẹ́ ẹ gbé rúlà irin lé ìsàlẹ̀ ẹ̀ láti ìdí wá sí àárín. Tí ibì kan bá tẹ̀ wọnú tàbí tó yọ síta, ọkọ̀ yẹn á máa ju imú sókè sódò tó bá ti ń sáré, kò sì sí nǹkan tẹ́ ẹ lè fi rìmóòtù ṣe sí i. Àwọn tó ń ṣe fáíbà lè bá yín kún un kí wọ́n sì há a, iṣẹ́ kékeré ni lọ́wọ́ wọn. Etí ìdí ọkọ̀ níbi tí omi ti ń já kúrò, ó gbọ́dọ̀ mú, tó bá rí roboto omi á máa rọ̀ mọ́ ọn, á sì máa fà á sẹ́yìn.

Ìṣirò motor àti bátìrì

Kò le rárá. Motor brushless kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà KV, ìyẹn iye ìgbà tó máa yí láàárín ìṣẹ́jú kan fún fólítì kan tí ò bá sí ẹrù lórí ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú bátìrì LiPo (irú bátìrì lithium kan ni) jẹ́ 3.7 fólítì, mẹ́rin, ìyẹn 4S, jẹ́ 14.8. Ẹ mú KV lọ́nà fólítì: 1900 lọ́nà 14.8 jẹ́ bíi 28,000. Ibi tó dáa kẹ́ ẹ wà ni 25,000 sí 30,000, tó bá ti kọjá ìyẹn, ooru àti gbígbọ̀n lẹ máa máa bá jà. Motor tó fẹ̀ ní mílímítà 36 tó sì gùn ní 60, KV 1900 tàbí súnmọ́ ọn, bátìrì 4S 5000mAh (iye iná tó lè gbà sínú nìyẹn), ESC 120A (iye iná tó lè gba inú ẹ̀ kọjá) tó ní páìpù omi lára, ó ti tó fún ọkọ̀ 70 sí 75 sẹ̀ǹtímítà. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lo ESC 60A torí pé owó ẹ̀ kéré. Mi ò fara mọ́ ọn o, torí nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, tàbí tí ewé bá lọ́ mọ́ pùròpẹ́là, iná tó ń gba inú ESC kọjá máa ń fò sókè lójijì, ESC tó ti wà lẹ́nu ààlà tẹ́lẹ̀ ni ìyẹn máa ń pa.

Nọ́ńbà C tí wọ́n kọ sára bátìrì náà, tó ń sọ bí iná tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó, ẹ má gbà á gbọ́ tán. 5000mAh tó ní 50C, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ á jẹ́ 250A, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ìdajì ẹ̀ lẹ gbára lé.

Fáíbà, motor, ESC àti flex, ìyẹn okùn irin inú ṣáàfùtì, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bèèrè fún wọn. Ti bátìrì lithium lẹ gbọ́dọ̀ bèèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ọ̀rọ̀ iná, gbígbé e nínú bàálù ní òfin tó le. Àwọn yòókù wà nílé: wáyà, lẹ́ẹ̀dì àti róbà tó ń sún kì tẹ́ ẹ bá fi iná yá a wà ní Aláàbà àti Computer Village, hóòsì, gíríísì àti kílíìpù irin wà ní Ládípọ̀, àjákù alúmíníọ̀mù àti bráàsì ẹ lè rí i ní Òwódé Onírin tẹ́ ẹ bá ní sùúrù láti wá a.

Ṣáàfùtì, ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù

Flex lorúkọ okùn irin tó ń gbé agbára motor lọ sí pùròpẹ́là, wáyà irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n lọ́ mọ́ra ni, bíi kébù kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà tó nípọn. Ó ń gba inú páìpù bráàsì kọjá, róbà teflon fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì máa ń wà láàárín wọn. Níwájú, collet ló dì í mọ́ motor. Lẹ́yìn, ó gba inú strut, ìyẹn irin tó dúró sí ìdí ọkọ̀ tó gbé ẹnu ṣáàfùtì ró, lẹ́yìn strut ni drive dog wà tó gbá pùròpẹ́là mú kó má baà yí lásán.

Strut lẹ máa kọ́kọ́ dè mọ́ ìdí ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá orí V nísàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, kó sì nà gbọọrọ bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ṣe nà, kó má wo òkè, kó má wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti dé omi lẹ máa máa sún un ní mílímítà kan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni páìpù bráàsì. Ó máa tẹ̀ díẹ̀ kó tó lè ti ara strut dé iwájú motor, ibi tó sì ti ń bàjẹ́ nìyẹn, torí bráàsì máa ń ká tí wọ́n bá fi agídí tẹ̀ ẹ́, ibi tó bá ti ká yẹn ni flex á ti máa ha á lójoojúmọ́. Ẹ rọ yanrìn gbígbẹ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ẹ fi téèpù dí ẹnu méjèèjì, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lára ìgò tàbí agolo ńlá. Kó tẹ̀ lọ́nà kan, kó rọra tẹ̀, ojú ò gbọdọ̀ rí igun kankan lára ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi fọ yanrìn kúrò pátápátá, ẹ fẹ́ ẹ gbẹ.

Pépé motor, alúmíníọ̀mù tó nípọn mílímítà 3 ló dáa. Mo máa ń gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ tọ́nà ní Múṣìn, mo sì máa ń ní, "Ẹ̀gbọ́n, ihò sukuru wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gùn o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí roboto." Wọ́n á ní, "Kí ló dé, ṣé sukuru ẹ ò ní máa yọ̀ ni?" Mo máa ń ṣàlàyé fún wọn pé mo fẹ́ lè sún motor sókè sódò kí n tó fún un le, wọ́n á sì gún un bó ṣe yẹ. Ihò gígùn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí motor kọ́ ló máa pinnu ibi tí flex máa gbà, flex ló máa pinnu ibi tí motor máa jókòó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ ti flex bọ inú páìpù láti ẹ̀yìn, ẹ fún collet le mọ́ ọn, ẹ fi motor sílẹ̀ kó jókòó gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́ lórí pépé ẹ̀ láìlẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá fi ìka méjì yí drive dog lẹ́yìn, jẹ́jẹ́. Ẹ máa rí motor tó ń ṣí kúrò lójú kan díẹ̀díẹ̀. Ẹ sún un lọ sókè, sódò, sọ́tùn-ún, títí tó fi máa dúró jẹ́ẹ́ tẹ́ ẹ bá ń yí i, tí ọwọ́ yín ò sì ní gbọ́ ibi kankan tó le ju ibòmíràn lọ. Gbogbo bó ṣe ń yí po gbọ́dọ̀ rí bákan náà lọ́wọ́ yín. Ìgbà yẹn lẹ máa tó fi gọ́ọ̀mù kékeré kán pépé yẹn mú síbẹ̀, ẹ tún un yí wò, kẹ́ ẹ wá lẹ̀ ẹ́ lẹ̀ gidi. Sáńpépà nọ́ńbà 80 ni kẹ́ ẹ fi ha inú fáíbà níbẹ̀ títí dídán ẹ̀ fi máa kúrò, ẹ fi spirit nù ún, ẹ lo epoxy tó ń pẹ́ gan, oníwákàtí mẹ́rìnlélógún, kẹ́ ẹ sì fi àjákù fáíbà bo ẹsẹ̀ pépé náà mọ́lẹ̀. Epoxy oníṣẹ́jú mẹ́rin máa ń rọ̀ tí motor bá gbóná, motor á yẹ̀ díẹ̀, flex á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ẹ ò ní mọ ohun tó fà á.

Ohun méjì tó kù nípa flex. Tí agbára bá wọ inú ẹ̀, ó máa ń súnkì, torí náà ẹ fi àyè tó mílímítà 3 sílẹ̀ láàárín drive dog àti ẹnu strut. Tẹ́ ẹ bá fi wọ́n kan ara wọn, bí ọkọ̀ bá ṣe ń gbéra ni drive dog á lọ gbá strut mú, ooru ibẹ̀ á ba bushing jẹ́, ìyẹn òrùka inú strut tí ṣáàfùtì ń yí nínú ẹ̀. Èkejì, ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ́ wáyà ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà tí pùròpẹ́là ń yí mu, kó jẹ́ pé tó bá ń ṣiṣẹ́ ṣe ló ń le sí i, kì í ṣe kó máa tú. Tí motor bá ń yí sódì, ẹ má wulẹ̀ tú nǹkan kan, ẹ pààrọ̀ méjì péré nínú wáyà mẹ́ta tó ti ESC wá, á yí padà.

Omi tó ń tu nǹkan lára

Ihò kan máa ń wà níwájú ìtọ́kọ̀ tó ń wo iwájú, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ kí hóòsì ti ibẹ̀ lọ sí ara ESC ná, kó tó dé ara motor, kó wá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lókè níbi tẹ́ ẹ ti lè rí i láti etí omi. ESC ló ń kọ́kọ́ kú tí ooru bá pọ̀, òun ni kó mu omi tútù àkọ́kọ́. Ẹ rántí pé omi wa kì í tutù bíi ti ìlú àwọn tó ṣe nǹkan wọ̀nyí, ó lè tó 28 sí 30 dígírì lójú ọ̀sà, nítorí náà ohun tí wọ́n bá sọ pé ó tó lọ́dọ̀ wọn, tiwa gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: hóòsì tó fẹ̀, ìrìn tó kúrú, kó má sì sí ibi tó ti ká.

Kẹ́ ẹ tó dé omi, ẹ fi síríǹjì ńlá fún omi gba ẹnu ìtọ́kọ̀ wọlé nílé. Ó gbọ́dọ̀ ya jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìfi agídí ṣe. Ẹ wá fi tíṣù gbígbẹ tọ gbogbo ibi tí hóòsì ti so mọ́ páìpù, tí tíṣù bá rin, ẹ fi kílíìpù dè é. Omi iyọ̀ tó ń kán sórí ESC ò nílò kó pọ̀.

Jíjó lẹ́ẹ̀dì

Wáyà bátìrì nípọn, AWG (nọ́ńbà ìnípọn wáyà) 12 tàbí 10, bullet mílímítà 5.5, ìyẹn ẹnu irin tí wọ́n fi ń ki wáyà bọ ara wọn, ló yẹ ẹ́. Áyọ́ọ̀nù 40W táwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò ò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá 80W tàbí 100W. Ẹ kọ́kọ́ jó lẹ́ẹ̀dì sí ẹnu wáyà nìkan títí tó fi máa mu ún wọnú. Ẹ gbé bullet sínú ihò tẹ́ ẹ ti lu sára pákó kó lè dúró ṣinṣin, ẹ yọ́ lẹ́ẹ̀dì sínú ẹ̀ dé ìdajì, kẹ́ ẹ wá ti wáyà bọ inú ẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣomi, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù kúrò, ọwọ́ ò gbọdọ̀ gbọ̀n títí á fi dì. Tó bá dán lẹ́yìn tó tutù, ó dáa. Tó bá ṣú tó sì rí ṣákiṣàki, ẹ tún un yọ́. Ẹ fà á dáadáa. Tó bá lè já lọ́wọ́ yín, á já lórí omi.

Wáyà tó wà láàárín bátìrì àti ESC, ẹ má fi kún gígùn ẹ̀, kapásítọ̀ inú ESC máa ń jìyà ẹ̀. Tó bá jẹ́ dandan kí nǹkan gùn, wáyà mẹ́ta tó lọ sára motor ni kẹ́ ẹ fà gùn. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, tẹ́ ẹ bá fi ṣi ara wọn lẹ́ẹ̀kan péré ESC yẹn ti lọ nìyẹn.

Kí inú ẹ̀ gbẹ, kó má sì rì

Risífà, ìyẹn ohun tó ń gba sígínà rìmóòtù nínú ọkọ̀, ẹ tì í bọ inú bàlúùnù, irú èyí tí wọ́n ń tà fún ọjọ́ ìbí ní Ìdúmọ̀tà, ẹ fi táì róbà so ẹnu ẹ̀ mọ́ àwọn wáyà gírígírí. Áńtẹ́nà ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè ju ojú omi lọ, torí sígínà 2.4GHz kì í gba inú omi kọjá. Servo, ìyẹn motor kékeré tó ń yí ìtọ́kọ̀, ẹ ra èyí tí omi ò lè wọ̀, kẹ́ ẹ tún fi gíríísì sí ìdí ọ̀pá tó ń yí lórí ẹ̀. Ibi tí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ ti gba ìdí ọkọ̀ jáde, róbà wà fún un, ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo.

Fóòmù ńkọ́? Ẹ kó o sí imú ọkọ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ má ṣe é kékeré. Ẹ gbé ọkọ̀ sínú báàfù tàbí dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n là sí méjì, ẹ kó òkúta tó wúwo bíi bátìrì àti motor sínú ẹ̀ dípò wọn, ẹ wá bu omi kún un. Tó bá rì, ẹ fi fóòmù kún un. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà ẹrẹ̀ ni, ohun tó bá balẹ̀ síbẹ̀ ẹ ò lè rí i fi ojú wá.

Ọmọrí ọkọ̀, téèpù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó mọ́ kedere lẹ máa lẹ̀ yí i ká nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wà á. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí téèpù lẹ̀, ẹ fi omi dídùn nù ún kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó lẹ òmíràn.

Ibi tí ìwúwo wà

Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti wà nínú ẹ̀ tán, pẹ̀lú bátìrì, ẹ fi ìka kọ̀ọ̀kan gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ wá ibi tó ti máa dúró láìtẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Fún mono, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ bíi 30 nínú 100 gígùn ọkọ̀, tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ìdí wá. Ọkọ̀ 75 sẹ̀ǹtímítà, bíi 22 tàbí 23 láti ìdí nìyẹn. Bátìrì lẹ máa sún, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ fi velcro gígùn sílẹ̀ fún un. Tí imú bá wúwo jù, omi á máa gbá ọkọ̀ mú, tó bá fúyẹ́ jù, á fò. Lójú ọ̀sà tó ń rú, ẹ jẹ́ kó wúwo síwájú díẹ̀. Pùròpẹ́là tún máa ń fẹ́ dá ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń tẹ̀ sí òsì nígbà tó ń lọ tààrà, ẹ sún bátìrì sí ọ̀tún díẹ̀.

Pùròpẹ́là

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kéré. X440 ti ilé iṣẹ́ Octura fẹ̀ ní mílímítà 40, ibi tó yẹ kó sún síwájú ní yíyí kan sì jẹ́ 1.4 lọ́nà ìyẹn, bíi mílímítà 56. Tó bá yí ní 28,000, ìwé á sọ fún yín pé ó tó kìlómítà 94 ní wákàtí kan. Kò ní dé bẹ́ẹ̀ lórí omi, torí ẹrù máa fa motor sẹ́yìn, pùròpẹ́là náà máa ń yọ̀ nínú omi, tẹ́ ẹ bá rí 65 sí 70 ẹ ti ṣe dáadáa gan-an, ojú yín gan-an máa ya.

Irú pùròpẹ́là yìí, wọ́n kì í pọ́n ọn kí wọ́n tó tà á, ẹ̀yin lẹ máa pọ́n etí ẹ̀ kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí apá méjèèjì wúwo bákan náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: beryllium wà nínú bàbà tí wọ́n fi ṣe é, eruku ẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró rárá. Ẹ rẹ sáńpépà sínú omi, kó máa tutù ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń há a, ẹ wọ máàsìkì, ẹ má ṣe é níbi tí ọmọdé wà tàbí níbi tí wọ́n ti ń dáná. Tó bá ti mú tán, abẹ ni, ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tí bátìrì wà nínú ọkọ̀, bó ti wù kó rí.

Lójú omi

Rìmóòtù lẹ máa kọ́kọ́ tàn, kẹ́ ẹ tó so bátìrì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, bátìrì ló máa kọ́kọ́ kúrò. Nílé, kẹ́ ẹ tó de pùròpẹ́là mọ́ ọn, ẹ ti ṣètò failsafe, ìyẹn ètò tó ń dá motor dúró tí sígínà bá já: ẹ jẹ́ kí motor máa yí díẹ̀, ẹ pa rìmóòtù, motor gbọ́dọ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí ò bá dúró, ọkọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ kan omi, ẹ má jẹ́ kí ìtara ẹnikẹ́ni tì yín ṣe é.

Àárọ̀ ló dáa jù, kí atẹ́gùn òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ẹ jìnnà sí èbúté tí ọkọ̀ èrò ti ń gbéra, CMS, Èbúté Èrò, Fálómọ̀, gbogbo ibẹ̀ yẹn, ẹ má gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá dé etí omi ní Bàrígà tàbí Òwòrońṣòkí, àwọn apẹja ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí. "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni igi àti àwọ̀n wà nínú omi yìí?" Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ fún ẹja, tí orí ẹ̀ ò yọ síta, ọkọ̀ yín ò mọ̀. Ẹ tún bèèrè ẹni tó máa fi ọkọ̀ àjẹ̀ bá yín gbé e tó bá kú láàárín omi, kẹ́ ẹ sì ti bá a sọ iye owó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọdé kan bá ń lúwẹ̀ẹ́ níbi tí ojú yín dé, ẹ dúró kó jáde, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Gbéborùn, ewé tó ń léfòó yẹn, òun ni ọ̀tá ọkọ̀ yìí. Láti nǹkan bíi 1984 ló ti ń gba ọ̀nà omi Bàdágírì wọlé, ó máa ń pọ̀ nígbà tí òjò bá ti jẹ́ kí omi dídùn borí, tí iyọ̀ bá padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á kú. Ọjọ́ tó bá bo ojú omi, ẹ padà sílé. Gbòǹgbò ẹ̀ kan ṣoṣo tó bá lọ́ mọ́ ṣáàfùtì, ẹ fọwọ́ kúrò lórí gáàsì kíákíá, ẹ má rò pé agbára lẹ máa fi já a.

Ìrìn àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ wo ihò ẹ̀gbẹ́, tí omi ò bá ya jáde, ẹ dúró. Ẹ gbé e wá sí etí omi, ẹ yọ bátìrì, ẹ ṣí i, ẹ fọwọ́ kan motor, ESC, bátìrì àti gbogbo bullet. Èyí tẹ́ ẹ ò bá lè fọwọ́ lé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti gbóná jù, bátìrì sì ni kò gbọdọ̀ ju 60 dígírì lọ rárá. Tí bullet kan ṣoṣo bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, lẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ni kò jó dáadáa. Tí gbogbo ẹ̀ bá lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ tún un lọ fún ìṣẹ́jú méjì. Bátìrì 5000 tó bá ń ná 60A á gbé yín tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó ku ìdá márùn-ún ẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dúró, ẹ fi áláàmù sí rìmóòtù. Lẹ́yìn ìgbà tí ooru ò bá sí mọ́ lẹ lè wọ pùròpẹ́là mílímítà 42, kẹ́ ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú kan.

Tẹ́ ẹ bá ti délé

Ọjọ́ yẹn gan-an ni, kì í ṣe ọ̀la. Ẹ fi omi dídùn fọ ara ọkọ̀, ẹ fi síríǹjì fọ inú hóòsì àti páìpù ESC, torí iyọ̀ tó bá gbẹ síbẹ̀ á dí i. Ẹ ṣí ọmọrí sílẹ̀ kó gbẹ. Ẹ fi WD-40 díẹ̀ sí bearing motor, lẹ́yìn náà epo.

Bátìrì ò gbọdọ̀ kún sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣófo: 3.8 fólítì ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣájì rẹ̀, 5A fún 5000mAh, lórí balance (ọ̀nà tí ṣájà fi ń jẹ́ kí gbogbo sẹ́ẹ̀lì kún dọ́gba), nínú ìkòkò irin tàbí lórí táìlì, nígbà tẹ́ ẹ wà lójúfò tẹ́ ẹ sì wà nínú yàrá. Ìgbà tí NEPA bá ń mú un lọ tó ń mú un bọ̀, ẹ yọ ọ́ ná. Èyí tó bá ti wú, ẹ má ṣájì ẹ̀ mọ́.

Flex lẹ máa ṣe kẹ́yìn. Ẹ tú collet, ẹ fà á jáde pátápátá, irin lásán ni, iyọ̀ á mú un dípẹtà láàárín òru kan. Ẹ nù ún títí aṣọ ò fi ní dúdú mọ́, ẹ fi gíríísì tí omi kì í fọ̀ lọ pa á láti òkè délẹ̀, kẹ́ ẹ wé e sínú náílọ́ọ̀nù lọ́tọ̀. Kẹ́ ẹ tó tì í padà lọ́jọ́ míì, ẹ fi èékánná tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wáyà kan ṣoṣo tó bá ti já lára ẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀.